Gbogbo Aláǹgbá Ló Da Ikùn Délẹ̀

 

Ẹ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu géètì nígbà tí iṣẹ́ bá parí. A ó tò sórí ìlà. Olùṣọ́ yóò yẹ àpò ẹni kìíní wò, yóò yẹ ti ẹnì kejì wò, títí yóò fi dé orí ẹni ìkẹyìn. A kò tíì rí ọjọ́ kan tí olùṣọ́ wí pé, "Ẹ̀yin ọgọ́rin tí ẹ tò yìí, mo mọ̀ yín, gbogbo yín ẹ máa lọ." Bí ó bá dán an wò, òun náà yóò bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni lójú pópó. Bí ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́wàá bá tẹ̀lé ara wọn láti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò kì í wo bírékì ti iwájú kí wọ́n wá sọ pé mẹ́sàn-án tó kù dára. Ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń béèrè, táyà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ̀.

Àwa tí a ń gba owó oṣù tí kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. A kò bínú sí i, nítorí ẹrù ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lọ́kàn wa tí a fẹ́ bi yín lónìí. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé àwọn tí a fẹ́ gbé ilé-iṣẹ́ ìjọba lé lọ́wọ́, pẹ̀lú owó gbogbo wa nínú rẹ̀, ni a ń sọ fún pé kí wọ́n tẹríba kí wọ́n sì máa lọ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin wí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òṣìṣẹ́ ń sọ ohun tí kò mọ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 147, wí pé Ààrẹ ni yóò mú orúkọ àwọn tí ó fẹ́ fi ṣe mínísítà wá, ṣùgbọ́n wọn kò lè di mínísítà àfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Àbújá bá fọwọ́ sí wọn. Ó kéré tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá, kí ó sì jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Abala 192 sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa àwọn kọmíṣánnà: gómìnà ni yóò yan wọ́n, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí wọn. Níbí ní Kwara, àwọn aṣòfin 24 ni iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn wọn.

Òfin tún fi aago sí ọ̀rọ̀ náà. Bí orúkọ bá dé ọwọ́ àwọn aṣòfin, tí wọn kò sì dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 21, a ó kà á sí pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2023 wọ́n ṣe àtúnṣe sí ìwé òfin, wọ́n sì fi kún un pé Ààrẹ tàbí gómìnà gbọ́dọ̀ fi orúkọ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 60 tí ó bá búra. Ohun tó fa èyí kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2015, Ààrẹ Buhari búra ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́kọ́ kò dé Sẹ́nétì títí di ìparí oṣù kẹsàn-án. Àwọn mínísítà kò búra títí di ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá.

Nítorí náà aago wà fún ẹni tó ń yàn, aago wà fún ẹni tó ń fọwọ́ sí i. Ohun tí kò sí nínú ìwé òfin ni bí a ó ṣe yẹ ènìyàn wò. Ọwọ́ àwọn aṣòfin fúnra wọn ni ìyẹn wà. Ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Ìlọrin kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Nígbà ìjọba alágbádá ti 1979 sí 1983, ọmọ ìlú wa, Dókítà Olúṣọlá Saraki, ni olórí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìjọba nínú Sẹ́nétì. Láti 2015 sí 2019, ọmọ rẹ̀, Dókítà Bùkọ́lá Saraki, ni ó jókòó lórí àga Ààrẹ Sẹ́nétì. Nítorí náà, bí a bá ń sọ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe nǹkan yìí kò tọ́, kì í ṣe pé a ń ju òkò sí ọgbà ẹlòmíràn. Ilé wa náà la ń gbá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Orúkọ á dé nínú lẹ́tà, nígbà mìíràn 20, nígbà mìíràn 28, nígbà mìíràn ju 40 lọ. Wọ́n á kà á sétígbọ̀ọ́ ilé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n wọlé. Bí ẹni tí wọ́n pè bá ti jẹ́ sẹ́nétọ̀ rí, tàbí aṣojú-ṣòfin rí, ẹnì kan á dìde, á yìn ín, á ní ẹni tiwa ni, kí wọ́n jẹ́ kí ó tẹríba kí ó sì máa lọ. Kò sí ìbéèrè. Bí ó bá tẹríba tán, ó ti yege ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti wọlé tán, wọ́n á fi ohùn dìbò. Ẹni tó bá gbà á wí pé òun gbà, ẹni tí kò bá gbà á wí pé òun kò gbà, alága á sì fi òòlù lu tábìlì. Bí wọ́n tilẹ̀ ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kíá kíá ni, bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ iléèwé. Ìwọ tó rán sẹ́nétọ̀ rẹ lọ kò ní mọ̀ láé bóyá ó gbà tàbí kò gbà.

Ẹ rántí ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá, 2015. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan orúkọ Rotimi Amaechi, àwọn sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ alátakò bínú jáde nínú ilé, nítorí wọ́n ní ìwé ẹ̀sùn wà lórí rẹ̀. Ìbò ohùn náà ni àwọn tó kù fi fọwọ́ sí i. Bóyá ẹ̀sùn náà jẹ́ òótọ́ tàbí kò jẹ́ òótọ́, a kò ní dá ẹjọ́ rẹ̀ níbí. Ohun tí a ń wí ni pé lórí ọ̀rọ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí lónìí láti wo ohun tí sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ. Ọkùnrin náà ló sì di mínísítà ìrìnnà, tí ọ̀rọ̀ ojú irin àti ti èbúté bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará wa tí ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Ní ọdún 2019, orúkọ 43 dé ọ̀dọ̀ Sẹ́nétì ní ọjọ́ 23 oṣù keje. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 30 oṣù náà, wọ́n ti fọwọ́ sí gbogbo wọn, láìku ẹnì kan. Ọ̀sẹ̀ kan fún ènìyàn 43! Ẹni tó ń wá iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ wa ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Ní ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fi orúkọ 28 ránṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù keje, ó tún fi àwọn mìíràn kún un, gbogbo rẹ̀ di 48. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, Sẹ́nétì fọwọ́ sí 45. Wọ́n dá mẹ́ta dúró, nítorí wọ́n ní ìwé àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò kò tíì pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di mẹ́ta yìí mú, a ó padà sọ́dọ̀ wọn.

Àwọn àgbà wa ní gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí a bá kó ènìyàn 43 tàbí 45 jọ, tí gbogbo wọn wọ agbádá, tí gbogbo wọn sì tẹríba, báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí inú ń run?

Ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Kẹ́mi Adéọ̀ṣun wà nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2015, ó sì di mínísítà ètò ìnáwó. Ọdún 2018 ni ìwé ìròyìn tó tú u fó pé ìwé tó fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ìsìnlú kì í ṣe ojúlówó. Ó ní àwọn tí òun gbẹ́kẹ̀ lé ló bá òun gbà á, òun kò mọ̀. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ní ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ ní Àbújá sọ pé òfin kò tilẹ̀ béèrè ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lè ṣe mínísítà. Ẹ kíyè sí i: bí ó bá jẹ́ pé wọ́n bi í ní ọjọ́ àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti yanjú ní ìbẹ̀rẹ̀, yálà sí rere tàbí sí búburú, orílẹ̀-èdè kì bá sì pàdánù mínísítà ètò ìnáwó lójijì láàárín sáà ìjọba.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn mínísítà ti búra, ni aráyé gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn, Hannatu Musawa, ṣì ń ṣe iṣẹ́ ìsìnlú lọ́wọ́. Àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ìsìnlú fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i. Òun ní òun kò rú òfin kankan. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé lẹ́yìn ìbúra ni ó yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ẹlòmíràn nínú àwọn 45 náà, Uche Nnaji, mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí ẹ̀sùn pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ó ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ òun. Ọdún méjì àti oṣù méjì ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn oníwèé ìròyìn ni wọ́n wá ṣe iṣẹ́ tí a ń san owó fún àwọn aṣòfin láti ṣe.

A kò kọ èyí láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹjọ́ olùṣọ́ géètì là ń rò, kì í ṣe ẹjọ́ ẹni tó ń kọjá.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ̀yin kò mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n máa bi olúkúlùkù, ìjọba yóò dúró sójú kan." Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa ní irú ìjọba yìí.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ipò tí Sẹ́nétì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lé ní 1,000. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ kó orúkọ púpọ̀ pọ̀ fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan, gbogbo sẹ́nétọ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní òun kò gbà, wọ́n á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀tọ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ènìyàn lè ṣi ẹ̀tọ́ lò. Ní ọdún 2023, sẹ́nétọ̀ kan, Tommy Tuberville, fi ẹ̀tọ́ yìí dí ìgbéga àwọn ọ̀gá ológun tó lé ní 400 lọ́wọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, nítorí pé ó ń bá ìjọba jà lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn ọ̀gá ológun náà kò ṣẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2025, àwọn sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ alátakò kò jẹ́ kí a kó orúkọ tí Ààrẹ Trump mú wá pọ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìjọba bá yí ìlànà ilé padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, pẹ̀lú ìbò 53 sí 45. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, wọ́n fọwọ́ sí ènìyàn 48 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbò 51 sí 47. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, wọ́n tún fọwọ́ sí 107 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbò 51 sí 47 náà ni.

Ẹ wá wo nǹkan méjì nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n kó pọ̀ jẹ́ àwọn tó wà ní ipò kejì àti ipò kẹta. Àwọn olórí ilé-iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n dà bí mínísítà lọ́dọ̀ wa, àti àwọn adájọ́, kò sí nínú ìlànà ìkópọ̀ náà. Àwọn wọ̀nyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Èkejì, ìbò tí wọ́n dì ní àkọsílẹ̀. Bí mo bá jẹ́ awakọ̀ ní Amẹ́ríkà, mo lè mọ̀ lónìí bóyá sẹ́nétọ̀ mi wà nínú 51 tàbí nínú 47. Síbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ń kùn pé bí a bá di ènìyàn 107 sínú àpò kan, ẹni tó fẹ́ kọ ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ gbogbo wọn, ẹni tó fẹ́ gba ẹnì kan gbọ́dọ̀ gba gbogbo wọn. Ìyẹn ni ìdààmú tó wà nínú ìkópọ̀: kò fi àyè sílẹ̀ fún òótọ́ kékeré.

Tiwa kò tó 50. Bí Sẹ́nétì bá ń yẹ ènìyàn mẹ́ta péré wò lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 16 ti tó fún 48. Òfin sì fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ 21. Ìṣirò yìí kò ju ti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Nítorí náà kì í ṣe àìsí àyè ló ń fa ìkánjú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe ní Nàìjíríà. Wọ́n ti ṣe é rí. Ní oṣù kejìlá 2016 àti ní oṣù kẹta 2017, Sẹ́nétì kọ̀ láti fọwọ́ sí Ibrahim Magu gẹ́gẹ́ bí alága àjọ EFCC. Orúkọ kan ló wà níwájú wọn, wọ́n ka ìwé àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò lórí rẹ̀, wọ́n bi í ní ìbéèrè, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jiyàn mọ ohun tí yóò jiyàn lé lórí. Ní oṣù keje 2021, orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kọmíṣánnà àgbà nínú àjọ tó ń ṣètò ìdìbò dé iwájú wọn. Àwọn aráàlú àti ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi kọ̀wé ẹ̀sùn lórí ẹnì kan nínú wọn, Lauretta Onochie, nítorí wọ́n ní olóṣèlú ni. Sẹ́nétì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n ní ẹlòmíràn láti ìpínlẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú àjọ náà, wọ́n sì fọwọ́ sí àwọn mìíràn. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá dúró ní 2023, tí a ní kí ẹ dì mú, ẹ̀rí mìíràn ni wọ́n jẹ́. Wọ́n yọ mẹ́ta nínú 48, ilé kò sì wó. Bí a bá lè ya mẹ́ta sọ́tọ̀, a lè ya gbogbo wọn sọ́tọ̀.

Ohun kan ṣì kù tó ń dùn wá jù, òun ni pé a kì í mọ iṣẹ́ tí ẹni tí a ń yẹ̀ wò fẹ́ ṣe. Ní 2015 àti ní 2019, ọjọ́ ìbúra gan-an ni a tó mọ ẹni tí yóò mójú tó ilé-iṣẹ́ wo. Ní 2023, ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí Sẹ́nétì ti fọwọ́ sí wọn ni ìjọba tó sọ ọ́. Ẹ̀yin ará, ta ló ń dán ènìyàn wò láìmọ̀ bóyá awakọ̀ ni yóò ṣe tàbí alágbẹ̀dẹ? Kí ni a ó bi í?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá tààrà. Mínísítà iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni òfin ìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ fi agbára fún. Bí àwa àti ilé-iṣẹ́ bá jókòó títí tí ọ̀rọ̀ kò yanjú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Òun ló lè yan onílàjà, òun ló lè gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ tó ń parí ìjà òṣìṣẹ́, òun ló lè gbé e dé ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí à ń jà fún owó oṣù tó kéré jù lọ, tó di ₦70,000 ní oṣù keje 2024, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń jókòó pẹ̀lú wa. Síbẹ̀, nígbà tí Simon Lalong dúró níwájú Sẹ́nétì ní 2023, kò sí sẹ́nétọ̀ kan tó mọ̀ pé òun ni yóò di mínísítà òṣìṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè bi í pé, "Kí ni èrò rẹ nípa owó oṣù? Kí ni ìwọ yóò ṣe bí agbanisíṣẹ́ bá kọ̀ láti jẹ́ kí òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀?" Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi ipò náà sílẹ̀ lọ sí Sẹ́nétì.

Nígbà tí ìjọba fẹ́, ó ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹwàá 2024, Ààrẹ fi orúkọ méje ránṣẹ́, ó sì sọ iṣẹ́ tí olúkúlùkù yóò ṣe. A mọ̀ ṣáájú àyẹ̀wò pé Muhammad Dingyadi ni wọ́n fẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Ohun tó ṣeé ṣe fún méje, ṣé kò ṣeé ṣe fún 48?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. A kò ní pa tiwa mọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa yìí, a fẹ́ yan kọmítì ìrànwọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú, òjò ti ń ṣú bọ̀, àwọn tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan ka orúkọ márùn-ún pọ̀, ẹlòmíràn ní òun kín in lẹ́yìn, gbogbo wa kígbe pé a gbà. Ó parí láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa kú lẹ́yìn oṣù márùn-ún, tí opó rẹ̀ wá fún owó ìsìnkú, àpò kọmítì ti gbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá jáde pé ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà ti jẹ gbèsè àjẹsẹ́yìn níbòmíràn, àwọn bíi mélòó kan nínú wa sì mọ̀. A bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́. Wọ́n dáhùn pé, "Ìgbà wo? Orúkọ márùn-ún lẹ pè lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá ní a kò gbà, àwọn mẹ́rin tó kù, tí wọ́n jẹ́ ènìyàn dáadáa, ni à bá bú."

Opó náà jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú yàrá ìpàdé wa, ọmọ kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀, àwa sì ń gbé fìlà káàkiri láti tọrọ owó. A kò lè gbàgbé ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, orúkọ kọ̀ọ̀kan ni à ń pè. Ẹni tí a pè á dìde, á sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, á dáhùn ìbéèrè. A ó ka ọwọ́, akọ̀wé á sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń gba wákàtí kan dípò ìṣẹ́jú kan. Wákàtí kan yẹn ni a fi ń ra ìfọ̀kànbalẹ̀ ọdún kan.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka wa yìí ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, ní Àbújá àti níbí ní Ìlọrin, kò le:

Kí wọ́n dìbò lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ aṣòfin tó gbà àti èyí tí kò gbà sílẹ̀, kí aráàlú lè kà á.

Kí Ààrẹ àti gómìnà máa sọ iṣẹ́ tí olúkúlùkù yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá ń fi orúkọ ránṣẹ́, kí a lè bi í ní ìbéèrè tó bá iṣẹ́ náà mu.

Kí wọ́n pa àṣà tẹríba-kí-o-máa-lọ rẹ́. Ẹni tó ti ṣe sẹ́nétọ̀ rí ló yẹ kí a bi ní ìbéèrè jù, nítorí iṣẹ́ tí ó ti ṣe wà nílẹ̀ tí a lè fi wọ̀n ọ́n.

Kí wọ́n fi orúkọ hàn fún gbogbo ìlú, kí wọ́n sì fún wa ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan láti kọ̀wé bí a bá ní ohun tí a mọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lóòótọ́, kí wọ́n kó àwọn ipò kéékèèké pọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀tọ́ wà fún aṣòfin mélòó kan láti ní kí a yọ orúkọ kan sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò tirẹ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo má lè dí gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́, kí gbogbo rẹ̀ má sì kọjá lórí ẹnì kan.

Èyí tó kù di tiwa. Àwọn sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ló ń ṣojú Kwara ní Àbújá. Nígbà ìpolongo, wọ́n ń wá wa dé gáréèjì, wọ́n ń bọ̀ wá lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá tún dé, ẹ má béèrè ìrẹsì àti aṣọ lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n pé: "Ní ọjọ́ tí wọ́n pe orúkọ ẹni tó ń ṣe mínísítà òṣìṣẹ́, kí ni ìwọ sọ? Ìbéèrè wo ni o bi í?" Bí ó bá dáhùn, ẹ kí i. Bí kò bá rí nǹkan sọ, ẹ ní kí òun náà tẹríba kí ó sì máa lọ.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́. Kí iṣẹ́ wa má pa wá, kí ilé àti ọ̀nà ṣe wá ní àlàáfíà.